Ààlè Tí Mo Pa Fún Ara Mi

Ojo ni mí. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìtàn akíkanjú lòun fẹ́ kà. Láàárín èrò, ẹ ò lè mọ̀ rárá. Ní Ìkòtún, níbi tí mo ti ń tún fáànù ṣe, ẹnu mi ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí apá wọn le ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mú mi lọ síbi tí ariwo ò sí, kí ewé kan ṣoṣo já bọ́, ẹ máa rí ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí yóò máa bi ewé pé, "Ta nìyẹn?"

Bàbá wa fi ilé oko kékeré kan sílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó wà lẹ́yìn Ìgandò, níbi tí títì ọlọ́dà ti tán, tí ènìyàn á gun ọ̀kadà títí ọ̀nà á fi di tóóró, láàárín ẹ̀gẹ́ àti koríko. Yàrá méjì ni. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, páànù ló bò ó lórí. Ìdáná wà lẹ́yìn, kànga wà níwájú, ọgbà ọparun ló yí gbogbo rẹ̀ ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọgbà náà sì ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn.

Tíṣà ni bàbá wa. Èkìtì ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ sí Èkó, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn ò lè máa jẹ iṣu tí àwọn ò mọ ẹni tó gbìn ín, ni wọ́n bá wá ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Èmi nìkan ni ìwé ò bá mu nínú ilé wa. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwé náà pé ó jẹ́ kí n lọ ní àlàáfíà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ilé oko náà tó báyẹn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù mi. Ní ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ tí kò mọ ìwé ni mí. Ní oko, mo wúlò. Ọdún kan báyìí tí okùn kànga ń já ṣáá, mo fi irin inú fáànù àtijọ́ ṣe ohun tí okùn á máa yí lé lórí. Bàbá mi fa omi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ó ń yí." Bàbá mi kò pè mí ní ọ̀gá níbòmíràn rí.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a ó lọ ṣí ilé náà, a ó gbin iṣu, a ó gbin àgbàdo àti ilá. Tí òjò bá wá ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ní nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú, a ó lọ lo bí ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀, a ó wa ohun tó kù nínú ilẹ̀, a ó sì tì í. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ nígbà ọyẹ́. Iná ìgbẹ́ ń jà nígbà náà, eruku ń fa ikọ́ sí Àǹtí mi láyà, kò sì sí ohun tí ènìyàn á máa ṣọ́ ní oko gbígbẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, orúnkún Àǹtí mi kọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sílé wọn ní Gowon Estate, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí, wọ́n ní kí n jókòó.

"Àbúrò, o mọ àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa."

Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Àwọn ló ń pọn omi ní kànga wa láti ayé bàbá wa. Ilẹ̀ àdúrà wọn ò ní kànga, bàbá wa sì ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ìgbà gbogbo ni.

"Wọ́n ti ń bẹ̀ mí láti èṣí pé kí n fi ilé oko náà sílẹ̀ fún àwọn, kí ilẹ̀ àdúrà wọn lè fẹ̀ sí i. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Èmi ò sì lè lọ tì í mọ́, ìwọ náà rí ẹsẹ̀ mi. Tí o bá lè dá lọ, kí o lo ọjọ́ mẹ́fà rẹ pé, kí o palẹ̀ ibẹ̀ mọ́, kí o tì í bó ṣe yẹ, ilé di ọwọ́ rẹ nìyẹn. Tí o bá mọ̀ pé o máa sá, sọ fún mi nísinsìnyí kí n fi fún àwọn tí kò ní sá."

"Ta ló ń sá, Àǹtí mi?"

"Ìwọ ni. Ta ló sá fún alángbá tó fi fa kọ́tìnì mi ya?"

"Alángbá yẹn tóbi."

"Àbúrò."

"Mo máa lọ, Àǹtí mi."

Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe dé ìta ni mo lọ ra bátìrì tuntun fún rédíò mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ o, àwọn ọjọ́ yẹn dùn. Ilẹ̀ ṣì tutù láàárọ̀, ìrì á ti rin koríko gbin, ṣùgbọ́n tó bá di ìyálẹ̀ta, ìrì á gbẹ, ojú ọ̀run á ga lọ sókè bí ìgbà tí ẹnì kan fà á. Pòròpórò àgbàdo ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fi wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lékelèke ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń bà sórí koríko ní méjì méjì, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò. Mo wa iṣu. Mo já ata tó kù, mo sá a sórí páànù ìdáná. Mo ro gbogbo etí ilé títí ilẹ̀ fi pọ́n, kí iná ìgbẹ́ tó bá ń bọ̀ má bàa rí ohun tó máa jẹ. Mo gun àkàsọ̀ lọ gbá ewé kúrò lórí ilé. Mo tú ibùsùn, mo gbé e kọ́ sókè kí ikán má fi ṣe oúnjẹ.

Rédíò ń ké ní gbogbo ìgbà. Èmi náà ń sọ̀rọ̀. Mo bá àdá sọ̀rọ̀, mo bá ìkòkò sọ̀rọ̀, mo kí ilẹ̀kùn kí n tó ṣí i. Ohun kan ń sáré lórí páànù ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró sínú ilé pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ fún àkókò tó pẹ́ díẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. A jọ wo ara wa, òun ló kọ́kọ́ lọ, mo sì kà á sí ìṣẹ́gun.

Ní gbogbo òwúrọ̀, àwọn ará ìjọ á wá pọn omi. Ìyá àgbà kan ló máa ń ṣíwájú wọn, Ìyá Ìjọ ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Wọn kì í wọ bàtà, aṣọ funfun wọn kì í sì í dọ̀tí nínú ẹrẹ̀ tó ń ba ṣòkòtò tèmi jẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ ò tíì lọ," Ìyá Ìjọ wí ní ọjọ́ kẹta.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Kò sí o. Èmi àti ìyá kan ló ń jiyàn. Mo ní ẹ máa lo ọjọ́ mẹ́ta, ìyá náà ní méjì ni."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ nìyẹn."

"Rárá, kò tíì tán. Ẹ ṣì lè lo mẹ́fà," wọ́n wí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé omi lé orí.

Mo mọ̀ pé àwọn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ náà. Àwọn náà mọ̀ pé mo mọ̀. Síbẹ̀ Ìyá Ìjọ ò fi ojú burúkú wò mí lọ́jọ́ kan, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ìdérí kànga fún mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ku ààlè.

Ẹni tó bá dá oko rí á mọ ààlè. Tí ènìyàn bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, tó sì ń bẹ̀rù olè, á wá nǹkan tí kò wúlò mọ́, á so ó mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ohun náà ní ẹni tó ni ín, á sì rántí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan tí wọ́n so yẹn lè ṣẹlẹ̀ sí òun náà. Ìkarahun ìgbín tó ṣófo ń sọ pé kí ilé olè ṣófo. Ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán ń sọ pé a ó gbá olè lọ. Bàtà tó ti là ní ìsàlẹ̀, ẹ fúnra yín lè mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Bàbá wa, pẹ̀lú gbogbo ìwé wọn, kì í ti oko láìpa ààlè. Nígbà tí wọ́n kú, Àǹtí mi gba iṣẹ́ náà.

Èmi ò rí bí wọ́n ṣe ń pa á rí. Ẹni tó bá pa ààlè ló máa jáde kẹ́yìn, èmi kì í sì í fẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn nínú ilé tó ti ṣófo. Nítorí náà lọ́dọọdún, tó bá ti ku díẹ̀ kí a lọ, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, màá ní kí n lọ wá ọ̀kadà. Kí àwọn tó kù tó dé títì, màá ti gba ọ̀kadà sílẹ̀ láti bí wákàtí kan. Àǹtí mi á wò mí láti òkè délẹ̀.

Mo wá ronú bí ọlọ́gbọ́n. Mo ní tí mo bá dúró di ọjọ́ tí mo ń lọ kí n tó pa ààlè, èmi nìkan ni mo máa wà pẹ̀lú rẹ̀, nínú ìdákẹ́jẹ́, pẹ̀lú ilé tí mo ti tì. Ó sàn kí n pa á sílẹ̀ nígbà tí rédíò ṣì ń ké. Mo tún ní, kí ni mo máa fi ààlè sí ilẹ̀kùn ìdáná fún, nígbà tí mo lè fi í sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, kí olè má tilẹ̀ wọlé rárá? Mo rò pé mo gbọ́n ju bàbá mi lọ.

N kò mọ èyí tó yẹ kí n so, ni mo bá so gbogbo rẹ̀. Ìkarahun ìgbín, ìdí ìgbálẹ̀, kóòmù tó ti ká léyín, bàtà kan, àkísà pupa, ṣúkù àgbàdo. Ó wá ku ẹyọ kan kí ó pé méje, méje ló sì máa ń dún bí nǹkan tó lágbára. Mo wo òkè àjà ìdáná. Ìdì kékeré kan wà níbẹ̀ nínú èéfín, aṣọ dúdú ni wọ́n fi dì í, wọ́n fi òwú yí i lára ní àìmọye ìgbà. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n gan-an ni mo ṣe mú un. Igi ni mo fi yọ ọ́ sílẹ̀, n kò fi ọwọ́ kàn án, mo fi ewé gbé e. Mo so gbogbo wọn mọ́ okùn kan, mo na okùn náà kọjá ẹnu ọ̀nà láti òpó dé òpó. Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó. Ó bà mí lẹ́rù, mo ní ìyẹn ni pé ó dára.

Inú ọgbà ni mo dúró sí nígbà tí mò ń wò ó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, kò sẹ́ni tó wá pọn omi. Mo ní bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọlọ́kadà tí mo ti bá sọ̀rọ̀ pé kó wá kó àpò iṣu kan ṣíwájú dé. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fọn fèrè.

"Wọlé wá," mo ké sí i.

"Dádì, kí lẹ so síbẹ̀ yẹn?"

"Ààlè ni. Olè ni mo pa á fún."

"Ṣé ó mọ olè yàtọ̀ sí ọlọ́kadà?"

"Wọlé jàre, ọmọ yìí. Èmi ni mo so ó."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, Dádì, ẹ gbé iṣu náà jáde wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Mo gbé àpò iṣu lé èjìká, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ kí n gba abẹ́ okùn. Afẹ́fẹ́ kan fẹ́, ìdì dúdú yẹn yí ojú sí mi. Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo bá a sọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn.

"Ẹ máa bọ̀ kẹ̀," ọlọ́kadà wí.

"Mò ń bọ̀. Iṣu yìí ló wúwo."

"Dádì, àbí ẹ̀rù ń bà yín ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ so ó."

"Ìwọ lẹ̀rù ń bà."

"Ṣé mo kọ̀ ni? Ẹ̀rù ń bà mí o. Èmi ti sọ tèmi." Ó tẹ ọ̀kadà rẹ̀, ó yí orí rẹ̀ padà. "Tẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ pè mí."

Mo sọ iṣu kalẹ̀, mo jókòó lé e lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ààlè ò ní ojú, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mo ni ilé? Tó bá sì mọ̀, ṣé ìdì yẹn náà mọ̀? Ta ló dì í? Kí ló dé tí wọ́n fi òwú yí i tó báyẹn? Mo ti fi ìyà jẹ àgbọn rí, mo ti tún fáànù tó ń gbé iná ṣe láìwọ bàtà, ẹ wá wò mí lọ́sàn-án gangan, mo ti ti ara mi mọ́lé pẹ̀lú bàtà tó là àti ṣúkù àgbàdo.

Ohun tó yẹ ni kí n pe Àǹtí mi. Ohun tí n kò sì lè ṣe gan-an nìyẹn. Tí mo bá pè wọ́n, ohun tí màá sọ ni pé ẹ̀rù ń bà mí láti jáde kúrò nínú ilé tí mo fẹ́ kí wọ́n fi fún mi. Ilé ti bọ́ nìyẹn. Ìgbà tí òjò bá tún rọ̀, àwọn aláṣọ funfun ni á máa yí irin kànga mi.

Mo lọ sí ẹ̀yìn, mo pinnu láti gun ọgbà. Ọparun kì í ṣe igi gígun fún ẹni tó ní ikùn. Mo dé òkè, ẹsẹ̀ kan wà níta, ẹsẹ̀ kan wà nínú, ṣòkòtò mi há mọ́ ẹnu ọparun kan tí wọ́n gé ṣóńṣó. Ibẹ̀ ni mo wà tí Ìyá Ìjọ fi ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, garawa lórí, àwọn ìyá méjì tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ṣé olè náà wà nínú ilé ni tẹ́ ẹ fi ń gba ibí jáde?"

Mo fa ṣòkòtò mi, kò já.

Ìyá Ìjọ sọ garawa kalẹ̀. Ẹrín kúrò lójú wọn. "Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ la ti ń lọ sí odò. Ìyá tó wà lẹ́yìn yìí ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Bàbá yín sọ pé omi yìí ò ní tán fún wa. Tẹ́ ẹ bá ní kí á má pọn ọ́n mọ́, ẹ fi ẹnu sọ ọ́, àá gbọ́. A kì í pa ààlè fún òùngbẹ."

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo pa á fún."

"Ta lẹ pa á fún? Àwa nìkan ló ń gba ibẹ̀. Mo ti pe Àǹtí yín láàárọ̀, mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ sí i."

Wọ́n gbé garawa wọn, wọ́n lọ. Ẹsẹ̀ òsì ìyá ẹ̀yìn yẹn ti gbọgbẹ́, mo rí i. Mo fi tipátipá já ṣòkòtò mi, mo sọ̀ padà sínú ọgbà. Fóònù mi dún. Ẹ mọ ẹni tó ń pè.

"Àbúrò," Àǹtí mi wí, "ta ló so ohun tí wọ́n so sí ẹnu ọ̀nà bàbá mi?"

Ojú ẹsẹ̀ ni irọ́ dé, ó ti múra tán. "Àǹtí mi, ó dà bíi pé àwọn kan ló wá..."

Ogójì ọdún ni Àǹtí mi fi dúró níwájú ọmọ ilé ìwé, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ fún irọ́ títí á fi gbẹ. Mo wo ilẹ̀ tí mo ro. Mo ronú ẹsẹ̀ ìyá yẹn.

"Èmi ni," mo wí. "Èmi ni mo so ó, láti àná. Mo fẹ́ kí n lè tètè sá lọ tó bá di ọ̀la. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti jáde kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọ wá ọ̀kadà. Ní báyìí mi ò lè gba abẹ́ rẹ̀ jáde."

"O ò lè gba abẹ́ èyí tí o fúnra rẹ so."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi."

"Kí lo so?"

Mo kà wọ́n fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ìdì, wọ́n dá mi dúró.

"Ìdì wo?"

"Èyí tó wà lókè àjà ìdáná. Tó dúdú, tí wọ́n fi òwú yí."

Mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú ní ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbọ́ ohùn kan tí mo rò pé ẹkún ni. Àǹtí mi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Irúgbìn ilá mi ni," wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí èémí mí. "Mo fi pamọ́ sínú èéfín kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ilá lo fi ń dẹ́rù ba ìjọ Ọlọ́run."

Mo yí ojú padà wo ìdì náà lórí okùn.

"Lọ tú u. Má gé fóònù. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Mo lọ. Mo ti mọ̀ pé ilá ni o, síbẹ̀ igi ni mo fi ti ìdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkarahun ń lu kóòmù. Mo tú okùn ní òpó kan, ó balẹ̀. Lékelèke kan fò, ó tún bà. Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Mo rìn jáde gba ẹnu ọ̀nà náà, mo rìn wọlé, mo tún jáde.

"Ó ti balẹ̀," mo wí.

"Ó dáa. Gbọ́ mi dáadáa. Ibi tí olè ti máa mú nǹkan la ń pa ààlè sí, a kì í pa á sí ibi tí ènìyàn ń gbà. Ohun kan ṣoṣo náà la ń so. Ẹni tó bá so ohun méje, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ olè. Ẹni tó jáde kẹ́yìn ló ń so ó. Bàbá wa ì bá kọ́ ọ, tí o bá dúró rí."

"Mo gbọ́, Àǹtí mi. Ilé náà ńkọ́?"

"Lọ pọn omi fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ mi, àá sọ̀rọ̀ ilé."

Mo pọn omi. Mo rọ ọ́ kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí mo rí, mo ń gbé wọn lọ sí ilẹ̀ àdúrà ní méjì méjì títí oòrùn fi rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó ṣubú. Mo sọ fún Ìyá Ìjọ ohun tó wà nínú ìdì náà, nítorí mo mọ̀ pé tí èmi ò bá sọ ọ́, Àǹtí mi á sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Ìyá Ìjọ fi ìborí bo ẹnu.

"Àwa tí a ti fi òróró yí gbogbo ọgbà wa ká láti àárọ̀," wọ́n wí. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, Bọ̀dá."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún, Màmá?"

"Ẹ lẹ́nu. Ẹ máa sọ ọ́."

Wọn ò purọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọlọ́kadà wá kó iṣu, ó wọlé láìbéèrè nǹkan kan, ó kàn ń wo òpó ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Mo ní kó máa lọ dúró dè mí ní títì. Ó ní ṣé òun ò ní kúkú gbé mi. Mo ní rárá. Mo fi irúgbìn ilá sápò, mo ti fèrèsé, mo ti yàrá kìíní, mo ti èkejì. Mo pa rédíò. Mo ti ń bẹ̀rù ìgbà tí màá pa rédíò yẹn láti ọjọ́ tí mo dé. Ìdákẹ́jẹ́ dé lóòótọ́, ó jókòó sí gbogbo ibi tí mo ti ro, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ro ó, mo mọ ibi tó dópin. Mo so ṣúkù àgbàdo kan ṣoṣo mọ́ ilẹ̀kùn ìdáná, níbi tí mo kó iṣu àtigbìn sí. Mo wo ìdérí kànga, mo rí i pé okùn wà níta fún ẹni tó ń bọ̀ wá pọn ọ́n. Mo fi ẹnu ọ̀nà ọgbà sílẹ̀ láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rìn lọ. Mo rìn ni o. Tí mo bá sáré díẹ̀ nígbà tí mo dé àárín ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí sí i.

Mo dé Gowon Estate pẹ̀lú eruku lójú. Mo gbé iṣu kalẹ̀, mo gbé irúgbìn ilá sórí tábìlì, mo gbé kọ́kọ́rọ́ tì í. Àǹtí mi mú ìdì náà, wọ́n gbọ̀n ọ́n sí etí, wọ́n mú un pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn. Wọn ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

"Ìyá Ìjọ tún pè mí láàárọ̀ yìí."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kànga tán nítorí ìtìjú. Wọ́n ní ṣòkòtò rẹ ti ya, kí n wò ó."

"Ó ya díẹ̀."

"Wọ́n tún béèrè ilé náà. Wọ́n ní nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò ti dá, ta ni á máa tì í?"

Mo wo iṣu. Iṣu tó dára ni, èyí tó wà lókè yẹn gùn bí apá mi.

"Mo sọ fún wọn pé ó ti ní ẹni tó ń tì í," Àǹtí mi wí. "Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ kúrò lórí tábìlì, mo fẹ́ gbé oúnjẹ síbẹ̀."

Mo mú un. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ irú àsìkò yẹn, ìwé mẹ́fà ò fún mi ní ọ̀kankan, ni mo bá mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu.

"Tí òjò bá dé, ìwọ náà lo máa lọ ṣí i," wọ́n wí. "O mọ̀ pé ṣíṣí le ju títì lọ. Ilé tó ti wà ní títìpa látìgbà ọyẹ́, o ò lè mọ ohun tí á ti wọ inú rẹ̀."

"Bíi kí ni, Àǹtí mi?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí i."

Mo ní kò burú, màá lọ. Ohùn mi ò gbọ̀n nígbà tí mo sọ ọ́, àní Àǹtí mi gan-an gbé ojú sókè wò mí.